Ìyá Ọlọ́jà Ń Gbààwẹ̀, Kọ́ńgò Rẹ̀ Ń Purọ́: Èwo Ni Ọlọ́run Máa Gbọ́ Nínú Méjèèjì?

Agogo méjìlá ọ̀sán ti kọjá, oòrùn ti mú kí páànù ọjà gbóná bí ààrò. Ìyá olóúnjẹ gbé abọ́ ńlá rẹ̀ dé, òórùn ìrẹsì àti ẹ̀wà gba gbogbo ìsọ̀ kan. Tọ̀tún tòsì ni wọ́n ti ń pè é: "Ìyá, ibí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà o!" Ṣùgbọ́n nígbà tó dé iwájú ìsọ̀ ìyá onígàrí, ìyẹn juwọ́ sí i.

"Ẹ máa lọ, Ìyá Olóúnjẹ. Mo wà lẹ́nu ààwẹ̀. Ọjọ́ kẹta rèé tí nǹkan kan ò kan ẹnu mi kílẹ̀ tó ṣú."

"Háà! Ọlọ́run á gbọ́ o, Ìyá Ìjọ."

"Àmín o."

Kò pẹ́ sí i ni oníbàárà kan dé. Kọ́ńgò gàrí mẹ́ta ló fẹ́ rà. Ìyá onígàrí bẹ̀rẹ̀ sí í wọn gàrí, ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ kọrin ìyìn. Ẹ wá wo kọ́ńgò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa. Òòlù ti lu ìdí kọ́ńgò náà wọnú tipẹ́tipẹ́. Oníbàárà san owó kọ́ńgò mẹ́ta, gàrí tó gbé lọ sílé kò pé mẹ́ta.

Kò sí ọjà tí irú ìyá yìí ò sí. Ẹni tó bá mọ ti ọjà tiẹ̀, kó má wulẹ̀ dárúkọ ẹ. Ìbéèrè tó wà ńlẹ̀ ni pé ẹnu ń gbààwẹ̀, kọ́ńgò ò bá a gbà á. Èwo wá ni Ọlọ́run máa gbọ́ nínú méjèèjì?

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ààwẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Nǹkan ńlá ni ààwẹ̀ jẹ́ nínú ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì. Àmọ́ nǹkan ńlá kì í ṣe ohun téèyàn ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Àwọn kan ń gbà á lọ́nà tí kò ṣe wọ́n láǹfààní, àwọn kan sì ń gbà á lọ́nà tó lè gbẹ̀mí wọn. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká tú ọ̀rọ̀ náà síta, ká yẹ ẹ́ wò.

ÀÀWẸ̀ TI PẸ́ LÁYÉ

Ẹni tó bá ka Bíbélì mọ̀ pé ààwẹ̀ kì í ṣe ohun tí wòlíì kan jókòó sílé dá sílẹ̀. Mósè wà lórí òkè Sínáì fún ogójì ọjọ́ láìjẹ láìmu. Dáníẹ́lì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìfẹnu kan ẹran, ọtí wáìnì tàbí oúnjẹ aládùn kankan. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pa gbogbo Júù run ní ilẹ̀ Páṣíà, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Ẹ́sítérì àti àwọn èèyàn rẹ̀ fi gbààwẹ̀. Ní Nínéfè ńkọ́? Ọba sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtẹ́, ó jókòó sínú eérú, ó ní kí màlúù àti àgùntàn pàápàá má jẹun. Jésù fúnra rẹ̀ gba ogójì ọjọ́ nínú aginjù kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Lẹ́yìn tí Jésù lọ tán, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ń bá a lọ. Ìwé kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Didache, ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìjọ Kírísítẹ́nì tó pẹ́ jù lọ. Ó ní kí àwọn onígbàgbọ́ máa gbààwẹ̀ lọ́jọ́rú àti lọ́jọ́ Ẹtì, kí tiwọn lè yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń gbà á lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ méjì yìí kan náà ni John Wesley, tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ọ̀dọ̀ ẹ̀ jáde, ń fi gbààwẹ̀ nígbà tó wà ní Oxford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Lẹ́ńtì tí àwọn Àgùdà àti Áńgílíkà ń gbà ńkọ́? Bí ẹ bá kà á láti Ọjọ́rú Eérú títí di ọjọ́ tó ṣáájú Àjíǹde, ọjọ́ 46 lẹ máa bá. Ẹ yọ ọjọ́ Ìsinmi mẹ́fà kúrò nínú ẹ̀, torí pé wọn kì í gbààwẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ku ogójì géérégé. Ní Etiópíà, ìjọ Kírísítẹ́nì àtayébáyé tó wà níbẹ̀ ní ọjọ́ ààwẹ̀ tó lé ní 180 láàárín ọdún kan. Lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, wọn kì í jẹ ẹran, wọn kì í mu wàrà, wọn kì í jẹ ẹyin.

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àmọ́ ẹni tó ń gbààwẹ̀ fẹ́ yí òwe yẹn padà ni. Ó fẹ́ kí ebi wà nínú, kí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sì ráyè wọlé. Ó ń sọ fún ikùn ara rẹ̀ pé, "Ìwọ kọ́ lọ̀gá mi." Ìyẹn ni ìdí ààwẹ̀. Ẹni tó bá ti gbàgbé ìdí ẹ̀ yìí, ebi lásán ló ń pa á.

AWAKỌ̀ Ẹ̀RỌ TÓ FI OWÓ OṢÙ SÍLẸ̀

Nílẹ̀ Yorùbá níbí, kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ ààwẹ̀ tí kò ní dárúkọ àwọn aládùúrà. Lọ́dún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn burúkú ń pa èèyàn káàkiri ayé, àwọn kan nínú ìjọ Áńgílíkà ní Ìjẹ̀bú-Òde kóra jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ àdúrà sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀kan nínú gbòǹgbò ìjọ aládùúrà ti hù.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń bá iléeṣẹ́ PWD ṣiṣẹ́, ìyẹn àwọn tó ń la títì fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Joseph Ayọ̀ Babalọlá lorúkọ rẹ̀. Odò-Ọwá, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1904. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni, ó ti ṣiṣẹ́ alágbẹ̀dẹ rí, kó tó wá di ẹni tó ń wa ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ títì.

Lóṣù kẹwàá ọdún 1928, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ẹ̀rọ náà dá dúró. Ó ṣe é títí, kò lọ. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí ìjọ CAC ń sọ, ibi tó ti ń wo ẹ̀rọ rẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn kan tó pe orúkọ rẹ̀, tó ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kó lọ máa wàásù. Ìtàn ọ̀hún ní ààwẹ̀ ọjọ́ méje ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù keje ọdún 1930, Òkè-Ooyè ní Iléṣà ti kún. Láti ìlú dé ìlú ni àwọn èèyàn ti ń gbé aláìsàn wá, tí wọ́n ń gbé omi wá kó gbàdúrà sí i, tí àwọn mìíràn sì ń kó oògùn àti òòṣà wọn dà síta. Babalọlá kú lọ́dún 1959, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ò parẹ́.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ wo nǹkan kan nínú ìtàn yìí. Babalọlá ò torí àtikí owó oṣù rẹ̀ pọ̀ sí i gbààwẹ̀. Owó oṣù ọ̀hún gan-an ló fi sílẹ̀. Ààwẹ̀ rẹ̀ ní ibi tó gbé e lọ. Ó jáde nínú ẹ̀, ó dojú kọ iṣẹ́ tó le ju èyí tó fi sílẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ẹ́sítérì rí. Nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta pé, kò sùn sílé máa retí iṣẹ́ ìyanu. Ó wọ aṣọ oyè rẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ ọba lọ láìjẹ́ pé wọ́n pè é, bẹ́ẹ̀ òfin ilẹ̀ náà ní kí wọ́n pa ẹni tó bá dán irú ẹ̀ wò, àfi bí ọba bá na ọ̀pá wúrà sí i. Ààwẹ̀ ló fún un láyà.

Àmọ́ lóde òní, ẹ bi ẹni mẹ́wàá ohun tí wọ́n torí ẹ̀ gbààwẹ̀. Ẹ máa gbọ́ ọkọ̀, ilé, físà, oníbàárà àti ìṣubú ọ̀tá. Kò burú kéèyàn bẹ Ọlọ́run fún ohun tó ń jẹ ẹ́ níyà. Ta ni kì í fẹ́ kí ọjà òun tà? Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé gbogbo ààwẹ̀ èèyàn látọdún gboro, nǹkan tó fẹ́ gbà ló ń lé kiri, tí kò sí ọjọ́ kan tó bi Ọlọ́run pé, "Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?", ó yẹ kó tún inú rò.

Ọ̀RỌ̀ TÍ WÒLÍÌ AÍSÁYÀ BÁ WỌN SỌ

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Aísáyà orí 58. Ìjà ni wọ́n ń bá Ọlọ́run jà níbẹ̀. Àwọn èèyàn náà ní àwọn gbààwẹ̀ títí, Ọlọ́run ò tiẹ̀ wo ibi tí àwọn wà. Wọ́n ní àwọn jẹ ara àwọn níyà, kò dà bíi pé ó mọ̀.

Ìdáhùn tí wọ́n gbọ́ le. Wòlíì náà ní lọ́jọ́ ààwẹ̀ yín gan-an lẹ̀ ń fi ipá mú àwọn òṣìṣẹ́ yín. Ọjọ́ yẹn náà lẹ̀ ń jà, tẹ́ ẹ̀ ń gbá ara yín lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Ó ní ààwẹ̀ tí Ọlọ́run fẹ́ ni pé kí ẹ tú ẹni tẹ́ ẹ dè sílẹ̀, kí ẹ pín oúnjẹ yín fún ẹni tébi ń pa, kí ẹ gba ẹni tí kò nílé sílé, kí ẹ sì daṣọ bo ẹni tó wà níhòòhò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n máa pè, tí Ọlọ́run á dáhùn.

Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n àfi bíi pé àná ni wòlíì náà gba ìsọ̀ kan kọjá.

Ẹ wo ọ̀gá télọ̀ tó wọ ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún. Láti ìgbà tí kò ti jẹun mọ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ náà ò rówó oúnjẹ gbà. "Ẹ bá mi gbà á, ẹ ò mọ̀ pé ìbùkún ṣọ́ọ̀bù yìí kàn yín ni?" Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ti ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ láti agogo méje àárọ̀, ta ló bi í bóyá ó fẹ́ gbààwẹ̀? Ààwẹ̀ tí èèyàn ò fínnú fíndọ̀ gbà, ìfebipani ni.

Ẹ wo ọ̀gá mẹkáníìkì. Ọmọ iṣẹ́ ti pé ọdún tó yẹ kó lò, ó ti mọṣẹ́, ó tó fírídọ́ọ̀mù. Ọ̀gá ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la, torí pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí ọmọ ń ṣe dùn mọ́ ọn. Ó tún wá ń lọ sórí òkè lọ gbààwẹ̀ pé kí Ọlọ́run tú òun sílẹ̀ lọ́wọ́ ìdè ayé. Ìdè tí òun náà fi de ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́?

Ẹ wo ìyá alátà tó jẹ ìyá elépo lówó láti oṣù méjì. Tí ìyẹn bá dé, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ gbèsè lónìí, ẹ má bà mí lààwẹ̀ jẹ́." Ààwẹ̀ ti wá di ibi tí onígbèsè ń sá pamọ́ sí!

Ti àwọn tó ń fajú ro tún ń bẹ. Láti àárọ̀ tí wọ́n ti dé ìsọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ná ọjà lẹ́ẹ̀mejì. Bí oníbàárà bá ní kí wọ́n dín owó kù, èébú ni. Tí wọ́n bá bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n á ní, "Ṣé ẹ ò mọ̀ pé mo ń gbààwẹ̀ ni?" Jésù ti sọ tiwọn nínú Mátíù orí 6. Ó ní ẹni tó bá ń gbààwẹ̀, kó bọ́jú, kó fi òróró sórí, kó má jẹ́ kí aráyé mọ̀. Ẹni tó bá ń gbààwẹ̀ nítorí ojú ayé ti gba èrè tiẹ̀ tán.

OWÓ OÚNJẸ TẸ́ Ò JẸ, Ó LỌ SÍBO?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó, torí ọlọ́jà mọ ìṣirò.

Ìwé Kírísítẹ́nì àtijọ́ kan wà tí ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Hermas kọ ní ìlú Róòmù, láàárín nǹkan bí igba ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn Jésù. Ìwé náà kọ́ àwọn onígbàgbọ́ bí wọ́n á ṣe gbààwẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń gbààwẹ̀, búrẹ́dì àti omi nìkan ni kí ẹ fẹnu kàn. Kí ẹ wá jókòó, kí ẹ ṣírò iye tí oúnjẹ tẹ́ ẹ bá jẹ lọ́jọ́ náà ì bá jẹ́, kí ẹ yọ owó náà, kí ẹ fún opó, ọmọ aláìníbaba tàbí ẹni tí kò ní.

Ẹ gbọ́ ọgbọ́n! Ebi tó pa yín ló bọ́ ẹlòmíràn.

Ká ní oúnjẹ àárọ̀ àti ti ọ̀sán tí ẹnì kan ń rà lọ́jà jẹ́ ₦1,500 lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn jẹ́ ₦3,000 lóòjọ́. Tó bá gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ₦9,000 ló wà ńlẹ̀ yẹn. Tó bá gba ọjọ́ mọ́kànlélógún, ₦63,000 ni. Owó yìí ò sí lọ́wọ́ Ọlọ́run, kò sì sí lọ́wọ́ opó. Ibo ló wà? Ẹlòmíràn á fi kún ọjà. Ẹlòmíràn á fi ra ẹran àti ẹja tó máa fi ṣínu lálẹ́, á jẹ oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyẹn kì í ṣe ààwẹ̀, àkókò oúnjẹ nìkan ló yí padà.

Kò dìgbà téèyàn lówó kó tó lè ṣe é. Ọmọ alágbàárù tó ń bá yín gbẹ́rù, ṣé ó ti jẹun lónìí? Opó tó wà ní ìsọ̀ kejì, tí ọjà rẹ̀ ti wọmi, ṣé abọ́ oúnjẹ tẹ́ ẹ ò rà lọ́sàn-án yìí ò lè jẹ́ tirẹ̀? Ẹni tó bá fi ààwẹ̀ rẹ̀ bọ́ ènìyàn kan, ó ti ṣe é bó ṣe wà nínú Aísáyà.

ÀÀWẸ̀ KÌ Í ṢE ÌYANṢẸ́LÓDÌ

Àwọn òṣìṣẹ́ a máa yanṣẹ́ lódì kí ìjọba lè ṣe ohun tí wọ́n fẹ́. Ọ̀pọ̀ Kírísítẹ́nì rò pé bí ààwẹ̀ náà ṣe rí nìyẹn. Wọ́n rò pé bí èèyàn bá ti febi pa ara rẹ̀ tó, àánú á ṣe Ọlọ́run, kò ní lè kọ̀ mọ́.

Ẹ lọ ka ìtàn Dáfídì nínú Sámúẹ́lì Kejì, orí 12. Ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ọba ńlá yìí sùn sórí ilẹ̀, ó bẹ Ọlọ́run, kò jẹun. Àwọn àgbààgbà ààfin fẹ́ gbé e dìde, ó kọ̀. Lọ́jọ́ keje, ọmọ kú. Ẹ̀rù ń ba àwọn ìránṣẹ́ láti sọ fún un, wọ́n ní tó bá gbọ́, ó lè ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dáfídì mọ̀, ó dìde ńlẹ̀, ó wẹ̀, ó para, ó pààrọ̀ aṣọ, ó lọ sílé Olúwa, ó forí balẹ̀. Ó padà délé, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá.

Dáfídì gbààwẹ̀, ọmọ sì kú. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọjọ́ méje yẹn ló kéré. Kò sẹ́ni tó ní kó lọ fi ọjọ́ mẹ́rìnlá kún un.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹnì kan nínú ìjọ gbogbo. Obìnrin tó ń wá ọmọ gba ọjọ́ mẹ́ta, kò rí. Wọ́n ní kó gba méje, ó gbà á. Wọ́n ní kó gba mọ́kànlélógún, ó gbà á, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Nígbà tí ọdún tún yí po, wọ́n ní ó dà bíi pé ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí kò jẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó tíì sọ fún òun àti ọkọ rẹ̀ pé kí àwọn méjèèjì jọ lọ ṣàyẹ̀wò lọ́sibítù. Ọkọ gan-an lè ni ohun tó fà á. Kí ó gbàdúrà, kí ó gbààwẹ̀ tí ara rẹ̀ bá gbà á. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ lé e lórí. Ìyà ti pọ̀ tó lára rẹ̀.

Ẹni tó ń gbààwẹ̀ ń bẹ Bàbá ni, kò bá a na ọjà. Bàbá lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ó lè sọ pé ó di ìgbà kan, ó sì lè dákẹ́.

ÀWỌN TÍ KÒ YẸ KÍ WỌ́N GBÀ Á

Ibí ni kí gbogbo ìyá fetí sí dáadáa, torí ẹ̀mí ló wà ńbẹ̀.

Bí èèyàn ò bá jẹun, ara á kọ́kọ́ lo ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, á wá lo èyí tí ẹ̀dọ̀ tọ́jú. Ti ẹ̀dọ̀ ò ju bí ọjọ́ kan lọ. Lẹ́yìn náà, ọ̀rá ara ló kàn, ẹran ara náà á sì máa jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè fara da èyí fún ìgbà díẹ̀. Ti omi yàtọ̀. Ọjọ́ tí èèyàn lè lò láìmu omi rárá kò pọ̀, bó bá sì jẹ́ inú oòrùn ọjà ló wà, tó ń làágùn, á tún dín kù. Nítorí náà, ẹni tó bá ń gbààwẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ gbọ́dọ̀ máa mu omi.

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tó ń lo oògùn tàbí abẹ́rẹ́ rẹ̀, tí kò jẹun, ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì. Á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ á máa daríkodò, ó sì lè dákú. Ẹlòmíràn lè rò pé ẹ̀mí ló gbé e. Kì í ṣe ẹ̀mí o! Bó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, kí wọ́n fún un ní ohun dídùn kíákíá, bí omi ṣúgà. Bó bá ti dákú, kí wọ́n má rọ nǹkan kan sí i lẹ́nu, ọsibítù ni kí wọ́n gbé e lọ.

Ẹni tó jẹ́ fọ̀níkú-fọ̀ladìde, àìmomi máa ń dá ìrora egungun sílẹ̀ fún un, ó lè da a dùbúlẹ̀. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí bí inú bá ṣófo. Aboyún ń jẹun fún ẹni méjì. Abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́yàn nílò oúnjẹ àti omi. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn ikọ́ ife tàbí ti HIV kò gbọdọ̀ torí ààwẹ̀ fi oògùn sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọmọdé kò tó ẹni tí wọ́n ń fún ní ààwẹ̀.

Ẹni tó bá ní àìnígbàgbọ́ nìyẹn, kó wo àwọn ìjọ tó ti wà tipẹ́. Òfin ìjọ Àgùdà ní ọjọ́ Ọjọ́rú Eérú àti ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n kan Jésù mọ́gi ni ààwẹ̀ di dandan, láti ẹni ọdún 18 sí ẹni ọdún 59. Kódà lọ́jọ́ yẹn, wọ́n fàyè gba oúnjẹ kan tó yó èèyàn àti méjì kékeré. Wọn ò sọ pé aláìsàn gbọ́dọ̀ gbà á. Àwọn Mùsùlùmí náà mọ̀ pé Kùránì yọ aláìsàn àti arìnrìn-àjò sílẹ̀ nínú ààwẹ̀ Rámádáànì, pé kí wọ́n san án padà bó bá yá. Ẹni tí ara rẹ̀ ò bá gba ti oúnjẹ, ó lè gbààwẹ̀ òfófó. Ó lè gbààwẹ̀ èébú. Ìyẹn tiẹ̀ le jù!

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kẹ́ńyà lọ́dún 2023 kò yẹ kó kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Nínú igbó kan tí wọ́n ń pè ní Shakahola, nítòsí ìlú Malindi, àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í hú òkú lóṣù kẹrin ọdún náà. Òkú tí wọ́n hú lé ní 400, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ọmọdé. Àyẹ̀wò fi hàn pé ebi ló pa ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan olórí ìjọ wọn ni pé ó ní kí wọ́n má jẹun kí wọ́n lè tètè rí Jésù. Ọkùnrin náà sọ ní kóòtù pé òun ò jẹ̀bi.

Ẹ̀kọ́ tó wà ńbẹ̀ ò ṣòro. Olórí ìjọ tó bá ní kí ẹ má jẹ, kí ẹ má mu, kí ẹ má lọ rí dókítà, kí ẹ má sọ fún ará ilé yín, ẹ bi í léèrè, bí ìdáhùn rẹ̀ ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín ńlẹ̀. Kò sí ibì kankan tí Jésù ti ní kí ìyá febi pa ọmọ rẹ̀.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢÍNU

Ẹni tó ti gbààwẹ̀ ọjọ́ púpọ̀ kò gbọdọ̀ ki orí bọ iyán lójijì. Bí ebi bá ti pẹ́ nínú, iyọ̀ àti àwọn èròjà kan nínú ara á ti lọ sílẹ̀. Bí oúnjẹ rẹpẹtẹ bá wá ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn èròjà yìí á tún já wálẹ̀ sí i, ọkàn lè ṣíwọ́ iṣẹ́. Ó ti pa èèyàn rí.

Omi ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ mu ẹ̀kọ tó ṣàn díẹ̀, tàbí kí ẹ jẹ èso bí ìbẹ́pẹ. Ẹ dúró ná. Lẹ́yìn náà, kí oúnjẹ fẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e. Iyán ò ní sá lọ, ó di ọjọ́ kejì ọjọ́ kẹta. Ẹni tó bá sì fẹ́ gba ààwẹ̀ tó ju ọjọ́ mélòó kan lọ, kó kọ́kọ́ rí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì.

Ó WÁ KU KỌ́ŃGÒ

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìsọ̀ ìyá onígàrí. Ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ rẹ̀ rèé. Bóyá ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ wọ yunifásítì ló ń torí ẹ̀ gbà á. Bóyá gbèsè ló fẹ́ kó lọ. Ohun gidi ni, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi í rẹ́rìn-ín. Ebi tó ń pa á kì í ṣe ẹ̀tàn.

Ṣùgbọ́n obìnrin tó ra gàrí kọ́ńgò mẹ́ta yẹn ní ọmọ nílé. Nígbà tó bá da gàrí sínú agbada, tó rí i pé kò pé, àwọn ọmọ rẹ̀ náà máa sùn láìyó lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìyá onígàrí ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ó sì ti fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní ààwẹ̀ tí wọn ò tọrọ. Bíbélì ní òṣùwọ̀n èké jẹ́ ohun ìríra lójú Olúwa. Kò yọ ọjọ́ ààwẹ̀ sílẹ̀.

Iye tí kọ́ńgò tuntun jẹ́ kò tó owó oúnjẹ tí ìyá yìí ò jẹ láti ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, kó tó ṣínu, kó kọjá sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta kọ́ńgò. Kó ra èyí tí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Láàárọ̀ ọ̀la, kó gbé ti àtijọ́ jù sórí ààtàn, kó sì fi èyí tuntun wọn gàrí fún ẹni tó bá kọ́kọ́ dé.

Lẹ́yìn ìyẹn, kó wá kúnlẹ̀. Bó bá pe Ọlọ́run, kọ́ńgò ò ní ta ko ẹnu rẹ̀ mọ́.